Ojú Mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún

Ojú mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún ni mo fi bẹ̀rẹ̀.
Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó pé.
Nígbà tí mo kà á lẹ́ẹ̀kẹta, ọ̀kan ti yọ́ jáde
bí ẹja kékeré nínú àwọ̀n.
Mo tú u. Mo tún bẹ̀rẹ̀.

Ọwọ́ yìí, àwọ̀n ló mọ̀.
Ogójì ọdún ló fi fa okùn nínú omi iyọ̀,
títí ọjọ́ tí ìgbì gbé mi lu ara ọkọ̀,
tí eegun ẹ̀yìn mi dáhùn.
Oṣù mẹ́fà lórí ibùsùn, mò ń ka pákó àjà.
Armgarð ìyàwó mi ju abẹ́rẹ́ méjì sí mi lẹ́sẹ̀:
"Ẹni tó mọ àwọ̀n-ún tún ṣe
kò gbọdọ̀ lóun ò mọ ṣúẹ́tà-á hun."
Armgarð ti lọ. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ kò lọ.

Bárður, ọmọ ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́ta,
n ò fi okùn wọ̀n ọ́n. Ta ní í wọn atẹ́gùn?
Ó sáré kọjá, mo fojú mú un:
apá rẹ̀ gùn tó ọ̀bẹ tí mo fi ń la ẹja.

Irun àgùntàn tiwa ni,
abo eléérú tó máa ń sá òjò sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì.
Èmi ni mo rẹ́ irun rẹ̀.
A kò rẹ ẹ́ láró; bó ṣe ti ara ẹran wá ló wà,
ó ń rùn bí ọ̀rá, bí koríko tútù.

Oṣù kọkànlá ní Sandoy:
oòrùn yọjú bí àlejò tí kò fẹ́ jókòó,
kí agogo mẹ́ta tó lù, ó ti dìde.
Rédíò ń sọ bí òkun yóò ṣe rí
fún àwọn tó ṣì ń lọ.
Mò ń gbọ́. Mò ń hun.

Ara rẹ̀ parí. Apá òsì parí.
Apá ọ̀tún ni ọ̀lẹ mú mi.
Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó ti hun aṣọ rí:
ti àkọ́kọ́, ò ń wá ọ̀nà;
ti èkejì, o mọ ọ̀nà, o sì mọ bó ṣe jìn tó.
Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi sùn nínú agbọ̀n,
alápá kan, bíi Hanus aládùúgbò mi tí ẹ̀rọ jẹ tiẹ̀.
Rannvá ọmọ mi ní, "Bàbá, ọmọ yẹn ń dàgbà o."

Ọjọ́ tí mo wọ̀ ọ́ fún un,
orí rẹ̀ há sọ́rùn aṣọ, ó ké bí ẹyẹ òkun.
Ó jáde. Irun orí rẹ̀ dúró ṣánṣán.
Ó wo ara rẹ̀, ó wò mí:
"Ó ń yún mi."
Ó bọ́ ọ sílẹ̀, ó sá lọ.

Mo hun ún, ó yún un.
Rannvá fẹ́ bá a wí, mo ní kó fi í sílẹ̀.
Tèmi náà yún mi nígbà tí mo wà ní kékeré;
ọrùn mi kò tíì gbàgbé.

Oṣù karùn-ún dé, yìnyín kò gbà kó lọ.
Abo eléérú bímọ lóru, ilẹ̀ kò mọ́ bá a.
Mo gbé ọmọ rẹ̀ wá sẹ́bàá ààrò nínú àpótí,
ó ń gbọ̀n, ó ń ké, kò gba ìgò mílíìkì.
Bárður dákẹ́, ó wò ó títí.
Ó wọ yàrá lọ, ó wọ́ ṣúẹ́tà jáde,
ó ti ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì bọ apá méjèèjì.

Ọmọ àgùntàn ki imú bọ inú irun náà.
Ó fà á símú. Ó tún fà á.
Ó dákẹ́.

"Bàbá àgbà, kò yún un?"
"Kò yún un. Tiẹ̀ ni."

Mo ti bẹ̀rẹ̀ òmíràn, ojú mẹ́rìnlélọ́gọ́rùn-ún,
ọmọ ò kúkú dúró de abẹ́rẹ́.
Ní ti ọrùn rẹ̀, òwú rírọ̀ ni mo fi sí i,
èyí tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù.
Ẹ má jẹ́ kí Hanus gbọ́.